Ìjàpá Bàbá Mi: ohun tí mo bá lábẹ́ bọ́dì-fílà, àti ibi tí mo ti fi tèmi sí i

Oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ kìíní

Òòfà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo tú u lára sípíkà rédíò kan tó ti bàjẹ́, mo fi àkísà wé e kó má baà ha ọ̀dà, mo wá ń gbé e kiri ara Volkswagen Ìjàpá bàbá mi, láti fẹ́ńdà iwájú títí dé ẹ̀yìn. Lórí òrùlé, ó lẹ̀ gbágbá. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn òsì, ó já bọ́. Mo gbé e padà, ó tún já bọ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń sàmì sí gbogbo ibi tó ti kọ̀. Nígbà tí mo yí ọkọ̀ náà ká tán, funfun ṣọ́ọ̀kì ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì, ó gba ìdajì fẹ́ńdà ẹ̀yìn ọ̀tún, ó sì gba gbogbo etí ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tí a ń gbé ẹsẹ̀ gbà wọlé.

Irin ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí òòfà kò bá rí irin dì mú, ohun mìíràn ló wà láàrin wọn, ohun náà sì nípọn.

Ọdún 1978 ni bàbá mi ra ọkọ̀ yìí. Tíṣà ni wọ́n. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni Kábà wà nígbà náà. Ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Nítorí náà Ìlọrin ni wọ́n ń lọ bí ọ̀rọ̀ ìwé tàbí owó oṣù bá délẹ̀. Wọ́n á gba Mọ̀pà, wọ́n á gba Ìsánlú, wọ́n á gba Ẹ̀gbẹ̀, eruku pupa á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Èkó ni wọ́n ti ń to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ fún wa nígbà náà, láti ọdún 1975. Ọdún 1978 tí bàbá mi ra tiwọn gan-an ni Jámánì dáwọ́ títo irú Ìjàpá yìí dúró ní tiwọn. Mẹ́síkò ló ń ṣe é lọ títí di oṣù Keje ọdún 2003. Ẹ̀yà ara tuntun wà lókè òkun fún ẹni tó lówó tó lè gbé e wálé. Èmi kò ní i. Irin tó wà lára ọkọ̀ yìí ni irin tí mo ní, òun ni mo sì fẹ́ gbà là.

Bọ́dì-fílà tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ jálẹ̀ yìí kì í ṣe fìlà tí à ń dé sórí. Ohun tí àwọn pánẹ́lì-bítà fi ń kún ojú irin ni: résìn polyester tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun talc, irú ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣe páúdà ọmọ ọwọ́. Nínú agolo, ó rí bí ẹ̀kọ tó dì díẹ̀. Ó ní hádínà tirẹ̀ nínú tíúbù kékeré, ó sábà máa ń pupa. Bí ẹ kò bá pò ó mọ́ hádínà, kò ní le láéláé. Bí ẹ bá ti pò ó, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Kí ó tó gbòde lẹ́yìn àwọn ọdún 1950, òjé yíyọ́ ni àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń kún irú ojú bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á fi igi tẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ kórìíra bọ́dì-fílà pátápátá. Tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní ọkọ̀ yẹn ti di ọkọ̀ ẹ̀tàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo máa fi í sí ọkọ̀ bàbá mi, mo sì máa sọ gbogbo ibi tí mo fi í sí. Ohun tí mò ń bá jà ni fífi í ṣe iṣẹ́ irin.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Òòlù kékeré ni mo fi ń gbọ́ ibi tí mo dé. Bí mo bá kan irin, ó ń dún gan-an-gan. Bí mo bá kan fílà, ó ń dún kù-kù bí ògiri amọ̀. Mo ti irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn òsì, mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, èèpo kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tó nípọn jù, ó nípọn tó àtàǹpàkò mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà o, òjò ti lọ, síbẹ̀ ẹ̀yìn fílà náà tutù lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo bá lẹ́yìn rẹ̀ nìyí: ìwé ìròyìn tí wọ́n ká sínú ihò, àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n nà lé e lórí kí fílà lè rí nǹkan dì mú, àti ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, páànù òrùlé ilé tí wọ́n gé tí wọ́n sì kàn mọ́ irin ilẹ̀kùn pẹ̀lú ríbẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Irin ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ti dógùn-ún jẹ tán. Mo fi ìka tì í, ìka mi wọlé.

Ó dùn mí. Mo rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo jẹ́. Ó ń dán, bàbá mi ń fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n ní iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n san owó náà pé. Kò pé ọdún méjì tí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ìsàlẹ̀ bí ara ẹni tí iná jó, bàbá mi sì rò pé ojú ọ̀nà ló ṣe é. Wọn kò mọ̀ títí wọ́n fi kú pé wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n pa làpálàpá fún wọn.

Kí ló fà á tó fi wú? Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ihò kéékèèké tí omi fi ń jáde. Omi òjò kò ní ṣàì gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, kò sí ilẹ̀kùn tí kò gba omi. Ihò yẹn ni ọ̀nà àbáyọ rẹ̀. Eruku pupa wa yìí dí i pa. Omi wá dúró sínú, irin ń dógùn-ún láti inú wá síta, ẹni tó wà níta kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ihò wá jáde síta, ẹni tó yẹ kó gé irin yẹn kúrò fi fílà bò ó. Ìyẹ̀fun talc tó wà nínú fílà ń fa omi bí kànìnkànìn. Láti ìgbà yẹn, irin wà láàrin omi inú ilẹ̀kùn àti fílà tó tutù níta, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ti ń jẹ ẹ́.

Mo kó gbogbo èyí tí mo họ sínú ike, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta iṣu, mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lé òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́jọ ó lé díẹ̀.

Oṣù Kejìlá

Bàbá kan wà ní Kábà tó ti ń lu bọ́dì ọkọ̀ kí n tó dáyé. Kì í pè mí lórúkọ, "Ọmọ Tíṣà" ni wọ́n ń pè mí, nítorí bàbá mi kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo kí wọn ní "Ọ̀kun o, Bàbá," bí a ṣe ń kíni ní ilẹ̀ Ọ̀kun, agbègbè Kábà wa yìí, mo ṣàlàyé. Wọ́n wá wo ọkọ̀ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni: "Ṣé o ti gbé àga ẹ̀yìn?"

Mi ò tí ì gbé e. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. A gbé àga náà. Omi kíkan inú bátìrì ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ débi pé a ń wo yanrìn láti inú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Ìjàpá, kó lọ gbé àga ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí. Kó sì rí i pé bátìrì náà ní ìdérí, nítorí irin sípíríǹgì tó wà nísàlẹ̀ àga lè kan orí bátìrì bí ẹni tó sanra bá jókòó lé e, iná á sì sọ. Ọkọ̀ tó ti jóná bẹ́ẹ̀ kò kéré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni etí ìsàlẹ̀ òsì, irin gígùn tó ṣófo nínú, tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Jámánì ni wọ́n ti yà á pé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì máa gba inú rẹ̀ wá síwájú nígbà òtútù. A kò nílò rẹ̀ fún ìyẹn ní Kábà. Nítorí ìyẹn làwọn kan ṣe máa ń rò pé bí fílà bá kún un, kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n irin yẹn náà ló gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dúró. Inú rẹ̀ ni bóòtì tó so ara ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ tán, ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́ nítorí pé ara ọkọ̀ ti ń wọ̀ láàrin. Bí ọkọ̀ mìíràn bá wá kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ohunkóhun láàrin ẹni tó jókòó àti ìkọlù náà àfi ìyẹ̀fun tó dì. Bàbá fi òòlù kan án. Kù-kù-kù. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èyí lè pa ènìyàn." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A gé e. Gbogbo ibi tó dógùn-ún, a gé e títí a fi dé irin tó mọ́, kódà níbi tí irin ṣì dà bí ẹni pé ó lè gbà á. Àyà mi ń já bí a ṣe ń gé e, nítorí ihò náà ń tóbi sí i, ọkọ̀ ń dà bí ohun tí a ń bàjẹ́. Bàbá ní bí a bá fi irin tó ti ń jẹ sílẹ̀, wẹ́dà kò ní rí ibi tí iná rẹ̀ máa mú.

Irin tí a fi dípò rẹ̀ wá láti ara bọ́nẹ́ẹ̀tì Peugeot 504 kan tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Kò nípọn tó mìlímítà kan. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti hun aṣọ rí lórí òfì ìdúró, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Ọ̀kun ṣe ń hun ún nígbà náà. Wọ́n mú irin náà lọ́wọ́, wọ́n mú èyí tí a gé kúrò, wọ́n ń fi ìka wọn wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó ṣe déédéé. Bí òwú tí o fi lẹ aṣọ bá nípọn ju ti aṣọ lọ, ẹ̀gbẹ́ ibi tí o lẹ̀ ni yóò ya." Bàbá ní ohun tí àwọn ti ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ láti ọdún yìí wá nìyẹn, wọn ò gbọ́. Mo béèrè nípa páànù, nítorí òun ló pọ̀ lọ́jà. Wọ́n ní kí n má dán an wò: síńkì tí wọ́n fi bo páànù ń rú èéfín nígbà tí iná bá kàn án, ẹni tó bá fa èéfín yẹn símú á gbọ̀n lóru bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Gáàsì kábáìdì ni wọ́n fi jó o. Iná rẹ̀ gbòòrò, irin tín-ín-rín sì máa ń ká kò bí ooru bá pọ̀. Nítorí náà wọn kò jó o lọ tààrà. Wọ́n á kán an níhìn-ín, wọ́n á fo lọ sí ọ̀hún, wọ́n á padà wá sí àárín, àkísà tútù wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí etí irin méjèèjì kan ara wọn, wọn kò gbé ọ̀kan lé èkejì, nítorí pé àárín méjì tó gùn lé ara wọn ni omi ń sá pamọ́ sí. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án fún etí ìsàlẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ bátìrì àti ilẹ̀kùn méjèèjì. A la ihò omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn sí i. Mo fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún kun inú ilẹ̀kùn ní ẹ̀ẹ̀mejì kí a tó ṣe ohunkóhun níta.

Oṣù Kìíní

Ọyẹ́. Gbogbo nǹkan ni eruku. A kò lè fọwọ́ kan ọ̀dà, nítorí náà lílù la dojú kọ.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé lílù ni iye iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Fẹ́ńdà Ìjàpá rọrùn ní ti pé bóòtì ló gbé e dúró, a tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, a gbé wọn lé orí àpò yanrìn. Ṣùgbọ́n kò sí ojú kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára Ìjàpá. Gbogbo rẹ̀ ló rọ̀gbọ̀dọ̀ bí igbá. Ibi tó wọlé, Bàbá á fi dọ́lì, irin wúwo tí ọwọ́ ń dì mú, tì í lẹ́yìn, wọ́n á fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kì í ṣe ojú kòtò náà gan-an. Ẹni tó bá ń lu àárín rẹ̀ nìkan ń na irin ni. Irin tó bá ti nà jù máa ń ṣe bí ìdí agolo, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó wọlé, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ó ta padà. Bí fílà bá wà lórí irú irin bẹ́ẹ̀, yóò sán. Ibì kan wà bẹ́ẹ̀ lórí fẹ́ńdà iwájú ọ̀tún. Wọ́n fi iná mú un pọ́n ní ojú kan tí kò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, wọ́n lù ú lẹ́rọ̀, wọ́n fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́, irin náà sún kì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dákẹ́.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rí i. Wọ́n ní kí n di ojú, kí n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí n fà á kọjá lórí irin láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n má fi orí ìka nìkan. Ní ọjọ́ kìíní, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹfà, mo ń gbọ́ òkìtì tí ojú mi kò rí.

Oṣù Kejì

Ọ̀sẹ̀ tí mo ti ń retí dé. Irin ti wà ní ipò rẹ̀ débi pé ohun tó kù kò ju kòtò kéékèèké àti ojú ìjó wẹ́dà lọ. Bí mo bá gbé igi rúlà sí i, àlàfo tó jìn jù lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2. Níhìn-ín ni bọ́dì-fílà ti wúlò. Bàbá ní mìlímítà 3 ni òpin. Ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sídìí òòlù.

Mo fi sáńpépà 80 (nọ́mbà kékeré ló ń ha jù) ha irin náà títí kò fi dán mọ́, kí fílà lè rí ibi fi eyín gbá. Mo ha ọ̀dà tó yí i ká sẹ́yìn pẹ̀lú, kí etí rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí fílà tó bá gun orí etí ọ̀dà máa ń fi ìlà hàn lẹ́yìn kíkùn. Mo fi tínà nù ún. Lẹ́yìn tínà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan án. Òróró ara ènìyàn tó láti jẹ́ kó ṣí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pò ó, mo ṣe é ní aago kan ọ̀sán. Mo bu púpọ̀, mo sì fún hádínà sí i lọ́pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé kò ní le. Kí n tó na ìdajì rẹ̀ tán, ó ti di òkúta kéékèèké lábẹ́ ọ̀bẹ mi, ó ń fà ya lórí irin. Mo ní láti họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bàbá kò bínú, ṣùgbọ́n wọ́n dá mi jókòó, wọ́n tún un kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2 nínú 100: gíráàmù 100 fílà, gíráàmù 2 hádínà. Mo yá òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn wúrà, mo wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá títí ojú mi fi mọ àwọ̀ rẹ̀. Fílà tèmi jẹ́ eérú, ó di àwọ̀ osùn tó ti ṣá bí ó bá pé. Bí hádínà bá kéré, fílà á máa rọ̀ bí ẹ̀kọ títí láé, sáńpépà á máa dí. Bí ó bá pọ̀, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ kò ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ó máa ń ní ihò abẹ́rẹ́, á gan, àwọ̀ pupa hádínà sì lè gòkè wá la ọ̀dà kọjá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àbàwọ́n tí ẹ kò ní lè nù kúrò.

Ooru ń yá a. Nínú òtútù díẹ̀, ẹ lè rí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní oṣù Kejì wa yìí, ní ọ̀sán, mi ò rí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nítorí náà a yí àkókò padà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀, irin ṣì tutù, a ó sì jáwọ́ ní aago mẹ́sàn-án. Mo ń bu ìwọ̀nba tí kò ju òrombó kékeré kan lọ.

Orí gíláàsì fèrèsé la ti ń pò ó. Ọ̀pọ̀ ń lo páálí. Páálí ń mu résìn inú rẹ̀, ìyókù á gbẹ jù. Ẹ má lù ú bí ẹni ń po àkàrà, ẹ ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń di ihò abẹ́rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ká a, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí kò fi sí ìlà pupa kankan mọ́. Ike jáláńgáànì epo la gé fi ń nà án. Ìpele kìíní, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gan-an, ó fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí irin lábẹ́ rẹ̀. Òun ló ń wọnú gbogbo ojú híhà. Ìpele kejì ni mo fi kún kòtò náà, kí ó ga ju irin lọ díẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tó le bí wàràkàṣì tí èékánná ṣì lè wọ̀, mo fi fáìlì eléyín gbà á, ó ń bọ́ bí èèpo iṣu. Bí ẹ bá dúró kó le tán, apá ni ẹ ó fi sanwó rẹ̀.

Ìbomú o. Mo ń bẹ yín. Eruku fílà kì í lọ síbì kankan tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bàbá ń wúkọ́ láràárọ̀, wọ́n ní àwọn kò lo ìbomú rí ní ogójì ọdún. Mo ra páálí kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ bà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń mú un. Bàbá ń mú un bí wọ́n bá rí mi.

Oṣù Kẹta

Ó ṣe mí láàánú láti kọ èyí. Mo ti ha ilẹ̀kùn òsì tán, ó dára, ọwọ́ mi kò gbọ́ ohunkóhun lórí rẹ̀. Puráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń lọ sábẹ́ ọ̀dà gidi, tán lọ́jà, wọ́n ní ọjọ́ kejì ni yóò dé láti Lọ́kọ́ja. Mo fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní gbangba, lórí àga, fílà rẹ̀ wà níhòòhò. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru yẹn, ìjì gbé tapólì kúrò.

Láàárọ̀, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kí n kùn ún, pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n kílò mẹ́jọ tí mo họ kúrò ṣì wà nínú ike lẹ́yìn ilé, mo sì mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tutù lọ́wọ́ mi. Fílà tó bá ti mu omi tí a wá fi puráímà dé lórí, omi yẹn kò ní ọ̀nà mìíràn àfi inú irin. Mo họ gbogbo rẹ̀ kúrò títí dé irin. Mo rí i, àwọ̀ ewé obì gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀ lórí irin lábẹ́ rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan péré. Mo tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yí ètò padà fún àwọn tó kù. Irin tó mọ́, puráímà epoxy (irú tí a ń pò mọ́ hádínà tirẹ̀) lórí rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo ha á, lẹ́yìn náà fílà lórí epoxy, puráímà sì tún bò ó lọ́jọ́ kan náà. Bàbá kò fara mọ́ ọn. Irin níhòòhò ni wọ́n mọ̀, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún wọn. Ọ̀nà méjèèjì ló dára bí ọwọ́ bá mọ́. Ṣùgbọ́n puráímà tó ní ásíìdì nínú, irú èyí tó ń jẹ irin díẹ̀ kó tó dì mọ́ ọn, kò yẹ lábẹ́ fílà polyester, wọn kì í bára wọn gbé. A sì fohùn ṣọ̀kan pé a kò gbọdọ̀ fi omi ha fílà láéláé. Gbígbẹ ni.

Híha. Sáńpépà 80, lẹ́yìn náà 120, 180, puráímà, kí a tó dé 320. Igi pẹrẹsẹ kò ṣe é lò lórí Ìjàpá, ó ń gé ojú rọ̀gbọ̀dọ̀ sí pẹlẹbẹ. Ìtẹ̀lẹ̀ bàtà sílípáàsì la gé, a wé sáńpépà mọ́ ọn, ó ń tẹ̀ lé ìrọ̀gbọ̀dọ̀ fẹ́ńdà. Mo fọ́n ọ̀dà dúdú tín-ín-rín káàkiri kí n tó ha á: ibi tó bá ṣì dúdú lẹ́yìn híha jẹ́ kòtò, ibi tí irin bá yọ jẹ́ òkìtì. Bí irin bá ti ń yọ, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má ha kòtò yín jìn sí i. Ẹ fi òòlù kan òkìtì náà wọlé díẹ̀.

Agolo fílà tí mo rà jẹ́ kílò mẹ́rin. Mo lò tó kílò kan àti ààbọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bí eruku.

Oṣù Kẹrin

A kun fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ilẹ̀kùn òsì ní àárọ̀ kan lẹ́yìn òjò, nígbà tí eruku ti bọ́ sílẹ̀. Àwọ̀ ẹyin tó ti wà lára rẹ̀ láti Èkó ni mo dá a padà sí. A rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí oòrùn kò dé. Mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí inú ilẹ̀kùn, lábẹ́ awọ tó bò ó, ibi tí fílà wà, bó ṣe nípọn tó, àti oṣù tí a fi í sí i, kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn mi má baà máa fi òòfà wá a kiri.

Ìyá mi jókòó sínú rẹ̀ lánàá, níbi tí wọ́n máa ń jókòó. Wọ́n fa ilẹ̀kùn, ó pa dé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣí i, wọ́n tún fà á. Wọ́n ṣe é tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ilẹ̀kùn ọ̀tún ló kù, ó ṣì wà nínú epoxy. Rọ́bà tó ń wà láàrin fẹ́ńdà àti ara ọkọ̀ kò tí ì dé, nítorí náà bóòtì fẹ́ńdà ẹ̀yìn ṣì wà ní dídẹ̀. Bí rọ́bà bá dé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, maa kọ bí a ṣe to wọn padà.